Mo mọ kọ́ọ̀dù orí ukulele, ṣùgbọ́n orin tí mo ń ta kò tíì jọ orin

OkùnMẹ́rin béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ta ohun èlò olókùn. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ ukulele, ohun èlò kékeré olókùn mẹ́rin, fúnra mi láìní olùkọ́, nípa wíwo fídíò àti kíka ìwé tí wọ́n ya àwòrán kọ́ọ̀dù sí, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń mú dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ukulele kékeré tí wọ́n ń pè ní soprano ni mo ní. Àwọn orin tí ó wù mí kì í ṣe orin ìsinsìnyí. Orin pop àtijọ́ ni, pàápàá àwọn tí wọ́n gbé jáde láàárín ọdún 1960 sí 1979, nítorí pé àwọn ni mo gbọ́ dàgbà, mo sì mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú wọn lórí.

Ìṣòro mi ni pé bí ẹ bá ní kí n fi kọ́ọ̀dù C, Am, F tàbí G7 hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan, màá tẹ̀ wọ́n, gbogbo okùn á sì dún gaara. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n fi wọ́n ta odidi orin, gbogbo rẹ̀ á dàrú. "Stand by Me" tí Ben E. King gbé jáde ní ọdún 1961 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n sọ fún mi pé kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ó bá yẹ kí n kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan bọ́ sórí òmíràn, màá dúró, màá wo ìka mi, màá tò wọ́n sí ààyè wọn, kí n tó máa bá orin lọ. Ẹni tí ó bá jókòó tì mí kò lè bá mi kọ ọ́, nítorí pé kò mọ ìgbà tí n óò dúró àti ìgbà tí n óò tẹ̀ síwájú.

Yàtọ̀ sí èyí, ìwé tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ A, F#m, D àti E sí orin náà. E yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí ukulele, nítorí pé ìka mẹ́ta ni mo ní láti kó jọ sójú kan ní fírẹ́ẹ̀tì kẹrin (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò dábùú ọrùn ukulele), ibẹ̀ sì há gádígádí. Bí mo bá wá gbìyànjú láti kọrin sí i, ohùn náà á wálẹ̀ jù fún mi, á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu mi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láti gbá okùn: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Gbogbo orin ni mo ń lò ó fún, ṣùgbọ́n àwọn orin kan wà tí kò bá mu rárá. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé ukulele mi ti kéré jù, pé ohùn rẹ̀ fúyẹ́ jù fún orin gidi, pé kí n lọ ra èyí tí ó tóbi tàbí kí n kúkú gba gìtá mú. Mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ÀgbàOlókùn dáhùn pé:

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Oṣù mẹ́rin tí o lò kò ṣòfò rárá, nítorí pé ẹni tí kọ́ọ̀dù mẹ́rin ń dún gaara lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọjá ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbé ukulele kọ́ ògiri. Ohun tí ó kù ni pé ọwọ́ òsì nìkan ni o ti kọ́, o kò tíì kọ́ ọwọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni orin wà. Bí o bá ṣi kọ́ọ̀dù kan tẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ ọ lè má tilẹ̀ fura. Ṣùgbọ́n bí ìlù orin bá dúró lójijì, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko rèé. Fi ìka ọwọ́ òsì rẹ lé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ́, má tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí ohùn kankan má bàa jáde nínú wọn àfi "ṣá, ṣá" tí ọwọ́ ọ̀tún ń dá. Tan orin náà, kí o máa gbá okùn tí kò dún yìí tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sísàlẹ̀ nìkan, bí o ti ń ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lára, fi ohùn ara rẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà lé e. Ọjọ́ tí o bá lè kọ ọ́ tán láìjẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún dúró, ọwọ́ náà ti mọ orin nìyẹn. Ọwọ́ òsì ni yóò wá máa sáré bá a, kì í ṣe pé ọ̀tún yóò máa dúró de òsì bí o ti ń ṣe báyìí.

Orin tí o mú yìí dára púpọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe kíka ọ̀kan dé ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan ní òṣùwọ̀n kan, òṣùwọ̀n mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, tí wọ́n kàn ń tún ṣe títí tí orin fi parí, ẹsẹ àti ègbè bákan náà. Kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ gba òṣùwọ̀n méjì, èkejì gba méjì, ẹ̀kẹta gba ọ̀kan, ẹ̀kẹrin gba ọ̀kan, a ó sì padà sórí àkọ́kọ́ fún méjì. Ó túmọ̀ sí pé ibi tí ọwọ́ rẹ ti ní láti yára kò ju ìdí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin lọ. Níbi yòókù, àyè wà fún ọ láti múra sílẹ̀.

Wàyí o, wo ọwọ́ òsì rẹ dáadáa, kí o máa ta á ní C, Am, F àti G7. Láti orí okùn tí ó sún mọ́ ojú rẹ jù, orúkọ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni G, C, E àti A. Nígbà tí o bá wà lórí Am, ìka àárín rẹ wà lórí okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. F ni ó kàn: má gbé ìka àárín yẹn kúrò, fi ìka ìfábẹ̀là, èyí tí ó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, kún un lórí okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, F ti dé. Láti F bọ́ sí G7, ìfábẹ̀là kò tún gbọdọ̀ kúrò níbi tí ó wà. Ìka àárín ni yóò ré kọjá láti okùn G sí okùn C tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní fírẹ́ẹ̀tì kejì kan náà, tí ìka òrùka yóò sì balẹ̀ sórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. Bí o bá ń padà sí C, ìka òrùka náà ni kí o rọra fà síwájú lórí okùn A kan náà, láti fírẹ́ẹ̀tì kejì sí ẹ̀kẹta, láìgbé e, kí àwọn ìka yòókù dìde. Ṣé o rí i pé kò sí ibi tí gbogbo ìka ti ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà láàárín Am sí C? Ohun tí ń dá ọ dúró ni pé o máa ń tú gbogbo ọwọ́ rẹ, o sì máa ń tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń tú ilé palẹ̀ nítorí kí ó lè gbé àga kan kúrò.

Ọgbọ́n kan tún wà tí àwọn tí ó ti ń ta á tipẹ́ máa ń lò láìsọ ọ́. Wọn kì í dúró lórí kọ́ọ̀dù dé ìparí òṣùwọ̀n. Ní ìgbá ìkẹyìn, èyí tí ó ń lọ sókè lẹ́yìn ìlù kẹrin, ìka òsì wọn ti kúrò lórí okùn, ó ti ń lọ síbi tí ó kàn, okùn tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún ń gbá. Kò ní ta etí, nítorí pé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kò tẹ̀ jẹ́ G, C, E àti A. C, E àti G ni wọ́n para pọ̀ di kọ́ọ̀dù C; A, C àti E ni wọ́n para pọ̀ di Am. Ìgbá kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ á kàn kọjá lọ bí èémí ni.

Agbóhùnmọ̀ dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, àyàfi ní ibì kan tí n óò dé láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ A, F#m, D àti E yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá sí, torí mo ti rí i pé òun ni ó ń lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sá.

Kì í ṣe orin náà ni ó ní kí ẹ tẹ E. Ibi tí ohùn akọrin jókòó sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé fún yín, ohùn tiyín kò sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ dandan. Orin kò sí nínú orúkọ kọ́ọ̀dù. Ó wà nínú bí kọ́ọ̀dù kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ẹ ka lẹ́tà láti orí A: A ni ìkíní, D ni ìkẹrin, E ni ìkarùn-ún, F# ni ìkẹfà. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti orí C: C ni ìkíní, F ni ìkẹrin, G ni ìkarùn-ún, A ni ìkẹfà. Nítorí náà, ìkíní, ìkẹfà, ìkẹrin, ìkarùn-ún ni orin yẹn, yálà ẹ pè é ní A, F#m, D, E tàbí ẹ pè é ní C, Am, F, G. Fírẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́ta ni gbogbo wọn fi gòkè. Bí ẹ ti sọ pé ohùn A wálẹ̀ jù fún yín, ó ṣeé ṣe kí C tí ẹ̀gbọ́n dábàá bá yín lára mu láìsí wàhálà.

Àwọn nọ́mbà yìí ni kí ẹ há sórí, kì í ṣe lẹ́tà. Bí ẹ bá ti mọ̀ wọ́n, ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú orin pop àtijọ́ jẹ́ mọ̀lẹ́bí ara wọn. Ìkíní, ìkẹfà, ìkẹrin, ìkarùn-ún yẹn ló gba ayé orin kan ní ìparí àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹ mú "Let It Be" ti àwọn Beatles, ti ọdún 1970: ẹsẹ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, G, Am, F. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin kan náà ni, ètò wọn ni ó yí padà, ó di ìkíní, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹrin. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ orin àkọ́kọ́ lè má lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ fún ìkejì.

Láti mọ ibi tí ohùn yín fẹ́, ẹ gbé ukulele sílẹ̀ ná. Ẹ kọ ègbè orin náà bí ó ti wù yín, bí ẹni tí ń kọrin nídìí iṣẹ́ ilé, láìro ohunkóhun. Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn, kí ẹ máa fa ohùn rẹ̀ lọ, nítorí pé orí ìkíní ni orin sábà máa ń sinmi sí. Ẹ wá gbé ukulele, kí ẹ fi ìka wá ohùn yẹn lórí okùn C tàbí okùn E títí tí yóò fi bá tẹnu yín mu. Lẹ́tà tí ẹ bá bá níbẹ̀ ni ìkíní yín. Bí ó bá jẹ́ G, ẹ lo G, Em, C, D. Bí ó bá jẹ́ F, ẹ lo F, Dm, Bb, C.

Bí ó bá wá di dandan pé kí ẹ ta á pẹ̀lú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀, ẹ ra kápò tí ó wà fún ukulele, ohun tí a fi ń di gbogbo okùn mọ́ ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi dè é ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí ẹ sì tẹ G, Em, C àti D bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ wọ́n. Ohun tí yóò jáde ni A, F#m, D àti E gan-an. Ẹni tí kò ní kápò lè fi E7 rọ́pò E nínú orin yìí: ìka kan lórí okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, ìka kan lórí okùn C ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, ìka kan lórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí okùn E máa dún láìtẹ̀. Ó rọrùn ju E lọ, ó sì tilẹ̀ máa ń fa etí padà sí A dáadáa.

Ibi tí mo ti yà sí ẹ̀gbọ́n nìyí: mi ò rò pé orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà. Ó dára fún okùn tí kò dún, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́ọ̀dù bá ti wọlé, orin yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìpayà tẹ okùn. Ẹ lo ẹ̀rọ metronome tí ó wà nínú fóònù, èyí tí ń ka ìlù bí aago, kí ẹ gbé e sí ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú kọ́ọ̀dù méjì péré, F àti G7, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn ní gbogbo ìlù mẹ́rin. Bí ó bá ti lọ geerege fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ fi márùn-ún kún un. Mo fi bẹ́ẹ̀ jáde nínú ohun tí ẹ wà nínú rẹ̀ yìí gan-an, mo sì rántí pé láàárín 75 sí 80 ni mo ti pẹ́ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́fà, kí ọwọ́ mi tó já a.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé orin pẹ̀lú. Orí sílébù ọ̀rọ̀ kan pàtó ni wọ́n ń kọ lẹ́tà kọ́ọ̀dù sí, kì í ṣe orí ìlà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yí kọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí akọrin ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kí ìlù kìn-ín-ní tó dé. Ẹ fetí sí gìtá ohùn ìsàlẹ̀ nínú orin náà: ibi tí òun bá ti yí ni ẹ̀yin náà yóò ti yí.

ÌyáOlórin dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àsọgbà, ẹ̀yin méjèèjì. Ìbéèrè méjì ni ó kù tí ẹ kò fọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ gbígbá okùn àti ọ̀rọ̀ ìtóbi ukulele, wọ́n sì ká mi lára.

Ọmọ mi, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè, òkè, ìsàlẹ̀, òkè tí o mọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n mo fura pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni o ṣe há a sórí, bí ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìgbá mẹ́fà ni etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìrìn mẹ́jọ ni ọwọ́ ń rìn. Ọwọ́ á lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìlù, á sì padà sókè láàárín ìlù méjì, láìdúró. Ní ìlù kìn-ín-ní, ó kan okùn ní lílọ, kò kàn án ní bíbọ̀. Ní ìlù kejì, ó kàn án ní lílọ àti bíbọ̀. Ní ìlù kẹta, ọwọ́ lọ sísàlẹ̀ ṣùgbọ́n ó fo okùn, kò kàn án. Ìgbà tí ó ń padà bọ̀ lókè ni ó tó kàn án. Ìlù kẹrin, lílọ àti bíbọ̀. Ìlù kẹta tí ọwọ́ rìn láìdún yẹn ni adùn rẹ̀ wà. Bí o bá dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ láti dúró de ìgbá tí ó kàn, orin á máa tàsé lọ́wọ́ rẹ, o kò sì ní mọ ohun tí ó fà á.

Ìdí tí kò fi bá àwọn orin kan mu ni pé kì í ṣe gbogbo orin ni a ń ka ní mẹ́rin sí méjì méjì bẹ́ẹ̀. Gbìyànjú rẹ̀ lórí "Can't Help Falling in Love" tí Elvis Presley gbé jáde ní 1961, wàá rí i pé ó kọ̀ jálẹ̀, torí pé mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín ìlù rẹ̀. Fún irú rẹ̀, má gbá okùn rárá. Fi àtàǹpàkò fa okùn C, kí ìfábẹ̀là fa okùn E, kí ìka àárín fa okùn A, mẹ́ta fún ìlù kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń rọ ọmọ lẹ́kún. C, Em, Am, lẹ́yìn náà F, C, G ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí o bá ta á láti orí C. Ti "Three Little Birds" ti Bob Marley, ti ọdún 1977, tún yàtọ̀ sí ìyẹn: kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ni, A, D àti E, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ìlù ni a ti ń gbá okùn, àárín ìlù ni, ìgbá náà gbọ́dọ̀ kúrú, kí ó gé. Níwọ̀n bí okùn méjì ti máa ń dún láìtẹ̀ nínú A, gbígbé ìka òsì kò ní gé e tán. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni kí o fi bo okùn lẹ́yìn ìgbá kọ̀ọ̀kan. Fetí sí orin kí o tó gbé ukulele, kí o fi ọwọ́ lu itan rẹ tẹ̀ lé e, ọwọ́ náà ni yóò sọ fún ọ irú ìgbá tí ó fẹ́.

Ní ti ìtóbi, jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ukulele jẹ́ gìtá tí kò dàgbà. Ní ọdún 1879 ni ọkọ̀ ojú omi Ravenscrag kó àwọn òṣìṣẹ́ láti erékùṣù Madeira ti ilẹ̀ Potogí wá sí Honolulu ní Hawaii. Wọ́n mú ohun èlò olókùn mẹ́rin kékeré kan dání tí wọ́n ń pè ní machete, mẹ́ta nínú wọn, Manuel Nunes, Augusto Dias àti José do Espírito Santo, sì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Lọ́wọ́ wọn ni ohun tí a mọ̀ sí ukulele ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti kéré, ohùn rẹ̀ sì ti fúyẹ́, ìyẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀. Nígbà tí Israel Kamakawiwoʻole gbé "Over the Rainbow" sínú àwo rẹ̀ ní 1993, ohùn rẹ̀ àti ukulele kan ṣoṣo ni, kò sí ìlù, kò sí dùrù, orin náà sì kárí ayé. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kì í ṣe orin gidi.

Ohun tí ń mú kí ohùn rẹ̀ dà bí ẹni pé kò ní ìsàlẹ̀ ni okùn G. Òun ni ó sún mọ́ ojú rẹ jù bí o bá gbé ukulele dání, o sì lè rò pé òun ni ohùn rẹ̀ wúwo jù bíi ti gìtá, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀; ó ga ju okùn C àti okùn E lọ. Okùn C ni ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Bí o bá ra concert tàbí tenor, àwọn ukulele tí ó tóbi ju soprano lọ, G, C, E, A kan náà ni wọ́n máa ń jẹ́. Àyè ìka ni yóò fẹ̀ sí i, nítorí pé gígùn okùn soprano tí ń dún jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 33, ti tenor sì tó nǹkan bíi 43. Baritone, tí ó tún tóbi ju tenor lọ, nìkan ni wọ́n sábà máa ń yí sí D, G, B, E, tí kọ́ọ̀dù tí o ti kọ́ yóò fi yí orúkọ padà. Bí ìka rẹ bá tóbi, tenor á ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, dúró sórí ohun tí o ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i lè ra okùn tí wọ́n ń pè ní low G, tí yóò fi sọ okùn G kalẹ̀ sábẹ́ okùn C. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún orin tí a ń gbá, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ fi ìka fa ohùn orin fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó lè yí ohùn ukulele rẹ padà lónìí, láìná ohunkóhun, ni ibi tí o ti ń gbá a. Kúrò lórí ihò àárín. Gbá a níbi tí ọrùn ti pàdé ara, ní àgbègbè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí o fi èékánná ìfábẹ̀là lọ sísàlẹ̀, kí o sì fi ẹran ìka náà padà sókè. Wàá gbọ́ ìyàtọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Kí o sì máa yẹ ohùn okùn wò ní gbogbo ìgbà tí o bá gbé e, pàápàá bí okùn náà bá jẹ́ tuntun, nítorí pé okùn ọ̀rá tuntun máa ń nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó dúró sójú kan.

OkùnMẹ́rin dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n mi, Agbóhùnmọ̀ àti màmá wa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀ fún yín. Okùn tí kò dún yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó ṣe mí bíi pé mò ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin mo ṣàkíyèsí pé ẹnu mi ń kọrin, ọwọ́ mi sì ń lọ láìjẹ́ pé mò ń rò ó. Fífa ìka òrùka lórí okùn A láti G7 padà sí C ni ó yà mí lẹ́nu jù. Mo máa ń gbọ́ ìró kékeré kan tí okùn ń dá bí ìka ti ń yọ̀ lórí rẹ̀, mo sì ti fẹ́ràn ìró náà. Mo ti ń ta orin náà ní 100 pẹ̀lú metronome báyìí, ní C, láìdúró, ohùn mi sì ti rí ibi tí ó fi ẹ̀yìn tì.

Ìṣòro tuntun ni pé àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ máa bá mi kọ ọ́, ohùn rẹ̀ wúwo, C ga jù fún un. A ṣe bí Agbóhùnmọ̀ ti wí, ó fa ohùn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ègbè, orí F ni a bá a. Mo wá bẹ̀rẹ̀ F, Dm, Bb, C, ṣùgbọ́n Bb yìí kò dún. Okùn A kàn ń sọ "pọ́" ni. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?

ÀgbàOlókùn dáhùn pé:

Inú mi dùn láti ka èyí, àbúrò mi. Bí ó bá jẹ́ pé alẹ́ òní ni ẹ fẹ́ kọ ọ́, ẹ gbé e lọ sórí G, kí ẹ lo G, Em, C, D. Fírẹ́ẹ̀tì méjì péré ni ó fi ga ju F lọ, ó ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n má fi Bb sílẹ̀, nítorí pé wàá máa bá a pàdé.

Má kọ́kọ́ kọ́ ọ níbi tí ó wà. Ẹnu ọrùn ukulele ni okùn ti máa ń le jù lábẹ́ ìka, ibẹ̀ ni o sì ń bá a jà. Gbé odidi rẹ̀ lọ síwájú ní fírẹ́ẹ̀tì méjì: tẹ́ ìfábẹ̀là lé okùn E àti okùn A papọ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ìka àárín wà lórí okùn C ní fírẹ́ẹ̀tì kẹrin, kí ìka òrùka wà lórí okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Kọ́ọ̀dù C ni ìyẹn, o sì lè lò ó dípò C tí o mọ̀ nínú orin yìí títí ọwọ́ rẹ yóò fi le. Yí ìfábẹ̀là díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó le, èyí tí ó kọjú sí àtàǹpàkò, jẹ́ èyí tí ń tẹ okùn, kí àtàǹpàkò sì wà lẹ́yìn ọrùn gan-an ní ọ̀kánkán rẹ̀. Bí okùn A bá ti ń dún gaara níbẹ̀, fà á padà ní fírẹ́ẹ̀tì kan, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí o fà á padà ní ọ̀kan sí i, o ti dé Bb.

Nígbà tí ó bá dún, yí ọ̀nà tí o ń gbà tẹ Dm padà. Fi ìka òrùka sórí okùn G àti ìka àárín sórí okùn C, àwọn méjèèjì ní fírẹ́ẹ̀tì kejì, kí ìfábẹ̀là wà lórí okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní. Láti ibẹ̀ sí Bb, ìka àárín kò lọ síbì kankan; ìka òrùka á sún síwájú ní fírẹ́ẹ̀tì kan lórí okùn rẹ̀, ìfábẹ̀là tí ó ti wà níbẹ̀ á sì kàn dùbúlẹ̀ kan okùn A.